Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tó Wà Lókè Orí Mọ̀nsúrát

Mọ̀nsúrát dúró lórí àga, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ kíréètì ẹyin tó ti ṣófo mọ́ àjà yàrá rẹ̀ kó lè dín ariwo kù. Lókè, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún gìrìrì. Á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Nọ́ọ̀sì ni Mọ̀nsúrát. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní Lẹ́kkí, ọ̀sán ló sì yẹ kó máa sùn.

Kàsímù, káfíńtà àdúgbò, wá tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Ó wo àjà, ẹ̀rín pa á.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ máa sin adìẹ lókè yẹn ni?"

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀gá Kàsímù. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí n gún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn. Oorun ló fà á. Bí mi ò bá rí oorun sùn, màá ṣe ẹnì kan léṣe."

Kàsímù yí fóònù rẹ̀ sí èyí tó ń gbọ̀n láìdún, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí Mọ̀nsúrát pè é. Gbogbo tábìlì ń kùn. Ó wá ká táwẹ̀lì sí mẹ́rin, ó gbé fóònù lé e. "Ẹ tún un pè." Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ rí i? Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ń gbọn táìlì, táìlì ń gbọn dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, dẹ́kìn ń gbọn ògiri yín. Lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn gan-an ni ká ti dá a dúró. Kíréètì ò lè mú un."

Mọ̀nsúrát bọ́ sílẹ̀ wéré. "Ẹ jẹ́ ká gòkè báyìí."

Ojú Suliat, aránṣọ tó ń gbé lókè, kọ́kọ́ le. "Ṣebí ọ̀sán ni gbogbo èèyàn ń wà níbi iṣẹ́? Torí kẹ́ ẹ lè sùn ni mi ò ṣe ń ránṣọ lálẹ́."

"Àǹtí, èmi kì í sí nílé lálẹ́ rárá."

Suliat wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ń ṣe yín lóore ibi látọjọ́ yìí nìyẹn."

Kàsímù gé táyà àtijọ́ sí mẹ́rin, ó fi wọ́n tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó fi kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sábẹ́ wọn. Ó sì sún ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri.

Mọ̀nsúrát sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́tí títí, ó wá pe òkè lórí fóònù.

"Àǹtí Suliat, ẹ bẹ̀rẹ̀ ká gbọ́."

"Kí n bẹ̀rẹ̀ kí ni? Mo ti rán apá aṣọ méjèèjì tán."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà nítorí ariwo. Ẹ gòkè lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ àkókò tẹ́ ẹ máa ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi rọ́bà sẹ́sẹ̀ àga àti ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gúnyán, ẹ gbé odó sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú, ẹ sọ fún onílé tàbí ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà lókè lè má mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń sùn nísàlẹ̀.