Irọ́ Ẹnu Ọ̀nà Balùwẹ̀

"Níbo ni balùwẹ̀ yín wà? Inú ń run mí," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó sì dìde nídìí ìwé tí òun àti Afínjú, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jọ ń kà.

Àyà Afínjú já. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ìwé nìyẹn, torí pé aṣọ rẹ̀ máa ń gún régé, bàtà rẹ̀ á sì máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ ilé wọn, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà nínú rẹ̀! Ó kéré débi pé èèyàn méjì ò lè jọ yípo nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìdọ̀tí gbogbo ilé ló ń gbé ibẹ̀. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni bàbá rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ọwọ́ dúdú kun gbogbo ibi ìfọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á fá irùngbọ̀n, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ á rẹ aṣọ síbẹ̀, á gbàgbé. Irun orí Afínjú fúnra rẹ̀ ló sì dí ihò tí omi ń gbà jáde. Bí o bá bi ẹnì kan, á ní ẹlòmíì ni. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́.

"Ó ti bàjẹ́," ni Afínjú parọ́. "Ẹni tó máa tún un ṣe ò tíì wá."

Kò tíì panu dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ti balùwẹ̀ jáde, aṣọ ìnura lọ́rùn, tó ń súfèé.

Ẹlẹ́rìn-ín wo ẹ̀gbọ́n, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rọra fa aṣọ bo apá rẹ̀, níbi tí awọ ara rẹ̀ ti máa ń bó. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti yí ìjókòó padà ní kíláàsì. Afínjú kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò kàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìṣirò ń bọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ló sì máa ń là á yé e. Èyí tó tún burú jù ni pé kò rí ẹni bá rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an?"

"Ìwọ lo mọ̀. Dókítà ní awọ ara mi tó ń bó yìí kì í ràn. Bí o bá ń kórìíra rẹ̀, ò bá sọ fún mi, dípò kó o máa parọ́ pé balùwẹ̀ yín bàjẹ́."

Irọ́ tí Afínjú fi bo ìtìjú tirẹ̀ ti lọ gún ẹlòmíì lọ́kàn! Ó di apá tó ń bó yẹn gan-an mú. "Jọ̀ọ́, bá mi kálọ sílé."

Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí balùwẹ̀ gbayawu. "Ohun tí mò ń fi pamọ́ nìyí. Ojú ló ń tì mí."

Ẹlẹ́rìn-ín yọjú, ó di imú, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Torí èyí lo ṣe jẹ́ kí n fi inú rírun sáré délé? Ọlọ́run á bi ẹ́! Tiwa ò tóbi jù báyìí lọ. Ẹni tó bá wọlé ni kì í jáde lásán. O fọ eyín, o nu ibi ìfọwọ́. O wẹ̀, o ṣa irun, o gbá omi ilẹ̀ lọ sójú ihò, o sá aṣọ ìnura. Ó parí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ìdọ̀tí náà ṣe ń wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń lé e jáde."

Àwọn méjèèjì káṣọ sókè, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ìyá Afínjú bá wọn.

"Ṣé àlejò ń bọ̀ ni?"

"Rárá, Màmá. Àwa tí à ń gbé inú ilé là ń tún un ṣe fún."

Nígbà tí Afínjú ṣàlàyé àṣà ilé Ẹlẹ́rìn-ín fún àwọn ará ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kùn. "Ṣé irùngbọ̀n ni màá wá máa ṣà kiri?"

"Àbí kí n bá ẹ jó o mọ́ àgbọ̀n padà?" ni bàbá wọn dá a lóhùn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Bàbá yìí kan náà ló kọ́kọ́ gbàgbé. Afínjú ò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó na àkísà sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá." Ọkùnrin náà mi orí, ó padà, ó sì nu ibi tó fọwọ́ kùn. Wọ́n ṣì máa ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n omi ò dúró sílẹ̀ mọ́, òórùn náà sì lọ.

Afínjú wá mọ̀ pé ìmọ́tótó kì í ṣe ti ojú ayé nìkan. Ohun tí gbogbo ilé bá ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í di ẹrù ìtìjú. Bí ojú bá sì tilẹ̀ tì wá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìtìjú á kọjá lọ, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí irọ́ bá dá sọ́kàn ọ̀rẹ́ kì í tètè jinná.