Orúkọ Tí Wọ́n Yọ Lára Atọ́ka

Ọjọ́ tí Ọmọ́lẹ́yẹ kọ́kọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Sàngó-Ọ̀tà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tuntun, ọwọ́ méjèèjì ni Gbọ́ládé, tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, fi gbé díìsìkì, àwọn àwo pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn bí abọ́.

"Ẹ rọra o, kí ọmọ yín má baà jí," ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí.

Gbọ́ládé rẹ́rìn-ín. "Orúkọ àti owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà nínú ọmọ yìí. Tó bá bọ́, ebi ni gbogbo wa máa jẹ."

"Báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá ń rí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀?"

"Kì í wá kiri. Ó ní atọ́ka. Ibẹ̀ ló ti máa wo orúkọ, atọ́ka á júwe ojú ibi tónítọ̀hún wà lórí àwo, ẹ̀rọ á sì lọ síbẹ̀ tààrà."

"Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́ ńkọ́?"

"Orúkọ la máa yọ lára atọ́ka. Òun fúnra ẹ̀ ṣì wà lójú ibi tó wà, àfi tí a bá kọ òmíràn lé e."

Kò pẹ́ tí "ẹ̀gbọ́n" fi di "olólùfẹ́ mi".

Ṣùgbọ́n ìyá Ọmọ́lẹ́yẹ, ọmọ bíbí Ọ̀tà, kò gbà. "Ará Ìwó yẹn" ló máa ń pe Gbọ́ládé.

"Lásìkò Sáàpù tí ìjọba fi sọ nǹkan di ọ̀wọ́n yìí, tí ilé iṣẹ́ ń lé èèyàn bí ẹni ń lé adìẹ? Tí wọ́n bá lé e lọ́la, ṣé Ìwó lo máa bá a lọ?"

"Màámi, ẹ tiẹ̀ pè é lórúkọ."

"Ọjọ́ tó bá di àna mi ni màá pè é."

Ọjọ́ náà kò dé. Ibà ló pa Gbọ́ládé, lọ́dún tí oògùn wọ́n bí ojú. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ìwó. Ọ̀gá ní kí Ọmọ́lẹ́yẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ó yọ ọ́. Omi kò bọ́ lójú rẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn mọ́, kọ́mọ mi lè gbàgbé."

Ọmọ́lẹ́yẹ ń rù sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí, ó la ẹnu.

"Màámi, orúkọ nìkan lẹ yọ. Ó ṣì wà nínú mi, lójú ibi tó wà gan-an."

Ìyá rẹ̀ gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe, ọmọ mi?"

"Ẹ pè é."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbọ́ládé," ló wí. "Gbọ́ládé, àna mi."

Ọmọ́lẹ́yẹ gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì wá sunkún.