Ọ́ìlì Tí Gàrúbà Fi Ta Fágbénró Lọ́rẹ

Igbe mọ́tò náà ni Ràhmọ̀t kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń wà á. Láti ọ̀nà Àpòmù ló ti ń bọ̀, ó ń ké fíìì bí ìjì tó há sábẹ́ òrùlé páànù, gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́bàá títì ní Ìkirè sì ń yíjú wò ó. Mọ́tò pélébé ni, ó pupa bí osùn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ga débi pé ó ní láti ká ẹsẹ̀ bíi tata kó tó rí ara rẹ̀ yọ. Ìyẹn ló pa Ràhmọ̀t lẹ́rìn-ín. Kó tó pa ẹnu dé, ọkùnrin náà ti rí eyín rẹ̀, òun náà sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Fágbénró lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilé onífá kan ní Àpòmù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ló fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún un, òun ló sì fi ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn. Bó bá ti tẹ iná mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó ń bá a. Ó ní kí Ràhmọ̀t bá òun wọn ọ́ìlì tó ki jù nínú dúrọ́ọ̀mù, pé Àbídì mẹkáníìkì ló ní ẹ̀ńjìnnì tó bá ń pariwo, ọ́ìlì tó ki ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá Ràhmọ̀t, Alájì Gàrúbà tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì náà, ti lọ kírun. Ràhmọ̀t ò wọn nǹkan kan. Ó ní kí ọkùnrin náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi etí aṣọ nu ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ka nọ́mbà tó wà lára rẹ̀: márùn-ún àti ọgbọ̀n, nọ́mbà ọ́ìlì tó ń ṣàn.

"Ẹ̀kọ mímu lẹ fẹ́ fún un ni?" ló bi í. "Ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà gun òkè ẹ̀ńjìnnì yìí ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Èyí tó ki ò ní tètè débẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún wá ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, ooru á jó o di ọ̀dà."

"Ta ló kọ́ ọ, dókítà?"

"Ìwé tó wà nínú mọ́tò yín, tẹ́ ẹ ò ṣí wò rí."

Ó gbé gálọ́ọ̀nù síntẹ́tíìkì kan wálẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n pò nílé iṣẹ́, tó ń ṣàn bí omi, tí iná kì í tètè mú. Ó wọ́n ju ti dúrọ́ọ̀mù lọ dáadáa. Fágbénró wo gálọ́ọ̀nù, ó wo ojú rẹ̀, ó rà á.

Láti ọjọ́ náà, bí ọjọ́ mẹ́ta bá fi máa pé, igbe yẹn á dún níwájú ṣọ́ọ̀bù. Á ní kí Ràhmọ̀t bá òun fa géèjì wò, irin tí wọ́n fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí. Ràhmọ̀t ní ọ́ìlì kì í gbẹ lọ́jọ́ mẹ́ta. Fágbénró ní ta ló sọ pé ọ́ìlì lòun wá wò. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ láàárín wọn, Fágbénró sì wá dọ̀bálẹ̀ fún Gàrúbà.

Ẹ̀rù Ifá ló ń ba Ràhmọ̀t, pé bàbá òun ò ní gba ọmọ onífá. Gàrúbà ò dárúkọ Ifá rárá. Ọ́ìlì tí ọmọkùnrin náà ń lò ló bi í. Nígbà tó gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo mọ́tò Ìkirè ti ń mu nínú dúrọ́ọ̀mù òun, pé owó rẹ̀ lòun fi tọ́ ọmọ tí ó wá tọrọ. Ó dìde, ó wọn gálọ́ọ̀nù kan kún fọ́fọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́ pé òun fi ta á lọ́rẹ. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun fúnra òun á fa géèjì wò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń tọrọ ọmọ kì í da ọrẹ àna nù, kì í sì í gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ràhmọ̀t dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí títí ọrùn fi ń dùn ún. Fágbénró rí i. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ da ọ́ìlì náà sínú mọ́tò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Gàrúbà fa géèjì, ó rí ọ́ìlì rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín, ó pè é ní ọmọ mi. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí mọ́tò náà ké lẹ́yìn Aṣéjire, lọ́nà Ìbàdàn, igbe kan tí kò ké rí, ó sì dákẹ́.

Àbídì tú u. Èédú dúdú ti dí gbogbo ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn, àwọn irin òkè ti jẹ ara wọn. Àbídì ò lè gbójú sókè. Ó ní kò sí àtúnṣe.

Gàrúbà sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ẹsẹ̀ líle ló pa mọ́tò, pé ẹni tí ò lè tọ́jú irin ò lè tọ́jú ọmọ òun. Fágbénró nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó bọ́ sójú títì. Ràhmọ̀t sáré bá a lójú títì.

"Jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Má sọ ọ́. Tí mo bá fi bàbá rẹ ṣe ẹlẹ́bi, ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ọ?"

"Tí mi ò bá sọ ọ́, ọjọ́ náà ò ní dé."

Fágbénró gba abúlé Ararọ̀mí-Òwu lọ, ó ń ro oko kòkó olóko.

Oṣù méjì ni Ràhmọ̀t fi ń wọn ọ́ìlì bí ẹni tó ń wọn omijé. Fóònù Fágbénró ò wọlé. Ohun tó ń pa Ràhmọ̀t ni pé òun mọ ọ́ìlì tó yẹ, òun sọ ọ́, mímọ̀ náà ò sì gba ẹnì kankan là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan gbé mọ́tò kékeré olóhùn tín-ín-rín wá, Gàrúbà sì ní kí Ràhmọ̀t wọn ti dúrọ́ọ̀mù fún un. Ràhmọ̀t gbé agolo sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Nítorí yín ló ṣe dà á sí i," ló ní. "Nítorí yín náà ló ṣe dákẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Gàrúbà ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dá lọ sọ́dọ̀ Àbídì, ó ní kó kó àwọn irin náà wá, ó fi ìka tọ́ èédú inú wọn. Nígbà tó dé, ó ní kí Ràhmọ̀t wé gèlè, àwọn ń ròde.

Ní Ararọ̀mí-Òwu, Fágbénró ti rù. Ó ju àdá sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ewé kòkó. Gàrúbà jókòó sórí ìtì igi. Àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé nílẹ̀ tiwa. Ó béèrè kòkó, ó béèrè òjò.

"Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ?"

"Bàbá, mi ò ní mọ́tò mọ́. Mi ò ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n tó mi?"

Bàbá náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ràhmọ̀t kúnlẹ̀ ti Fágbénró nínú ewé tútù. Kò parọ́ fún un pé mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á padà. Ó kàn ní bó bá jẹ́ oko náà ló kù, àwọn á jọ máa ro ó.

Fágbénró ní àwọn ẹbí òun á wá lẹ́yìn ìkórè kòkó. Gàrúbà ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹkún ni Ràhmọ̀t àti Fágbénró ń sun nígbà tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.