Òpó Tó Yọ Ikùn

Gúnrégé kò tíì gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà náà tó ti rí i pé òpó kan sanra ju àwọn yòókù lọ. Bíríkìlà ni, nǹkan tó bá wọ́ kì í pamọ́ lójú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gúnrégé nìyẹn. Ilé náà rẹwà, ká má purọ́. Àjà rẹ̀ ga, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Gíláàsì aláràbarà ojú fèrèsé ń da àwọ̀ pupa sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn òpó funfun tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ, gbogbo wọn rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, àfi ọ̀kan yìí tó yọ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi mímọ́.

"Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú," Fadá wí. "Bá mi fá ikùn yẹn kúrò, ojú ń tì mí."

"Ta ló rẹ́ símẹ́ńtì tó nípọn báyìí sí i, Fadá?"

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ. Fúnra rẹ̀ ló ń sanra." Fadá kò wo ojú rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Gúnrégé kórìíra ọ̀bùn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun máa ń fọ ọwọ́ kó tó lọ fọwọ́. Nígbà tó wá fọwọ́ kan òpó náà, tó bá a tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ ìnura tí wọ́n fi nu aláìsàn, tí wọn ò sá, ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wá sí Máàsì àárọ̀ ń jáde lọ lọ́wọ́. Obìnrin kan fọwọ́ pa oówo ọrùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ náà nu òpó. Bàbá arúgbó kan hú ikọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa òpó, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun náà ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àbúrò mi, má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ la máa ń fi àìsàn wa sí. Kókó tó wà lọ́mú mi lọ́jọ́sí, tí dókítà ní ó máa pa mí, ibẹ̀ ni mo fi í sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà? Ọ̀bùn lásán-làsàn!"

"Mo fi ìyá wa bẹ̀ ọ́."

Gúnrégé pòṣé, ó gbé òòlù àti irin ìgbẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jáde sí àgbàlá.

Símẹ́ńtì náà kò dún bíi símẹ́ńtì. Ó rọ̀. Lábẹ́ ọ̀dà funfun, ó yọ́ bí ọ̀rá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irun àti èékánná sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọyún ṣàn tẹ̀lé irin dé orí bàtà rẹ̀. Gúnrégé bì, ó nu ẹnu, ó tún gbẹ́ ẹ, nítorí olórí kunkun ni. Ó ń gbẹ́ ẹ títí òpó náà fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí gbogbo ẹ̀gbin náà sì wà nílẹ̀ gẹlẹtẹ.

Ìgbà náà ló gbọ́ ikọ́ lójú pópó. Ẹnì kan kígbe oró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ wà ní àyà, ọyún ti mú iwájú ẹ̀wù rẹ̀ rin.

"Kókó náà ti padà," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó ti tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ gbì. Gúnrégé gbàgbé ìríra. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹ̀gbin náà, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Òpó kò gbà á. Ó ti tutù, ó ti mọ́, gbogbo ohun tí Gúnrégé lẹ̀ mọ́ ọn ló ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ara ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀gbin náà kò ti yọ̀ kúrò. Ó ń wọ inú awọ ara rẹ̀ lọ, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé ìgúnpá. Gúnrégé ti ọwọ́ bọ omi mímọ́. Omi náà pọ́n, ọwọ́ kò mọ́.

"Ó ti lọ!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ wá àyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Àbúrò mi, mi ò rí i mọ́!" Ó wá rí apá àbúrò rẹ̀ tó ti wú. Ó fẹ̀yìn rìn.

Àwọn tó jáde lẹ́yìn Máàsì, tí àìsàn wọn ti padà, ti ń wọlé. Wọ́n kọjá lára òpó, wọn ò tilẹ̀ wò ó, apá Gúnrégé ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí," Gúnrégé bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Bàbá arúgbó náà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó hú ikọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Má bínú, ọmọ mi," ó wí, ó sì rọra fi nù ún lẹ́rẹ̀kẹ́.