Ọ̀tá Ìkànnì Ìjọ

"Gbogbo ọ̀tá tó gbógun ti ìkànnì ìjọ wa!" ni Pásítọ̀ pariwo.

"Kí wọ́n ṣubú!" ni ìjọ dáhùn.

Damaris Ṣóbọ̀wálé náà wà láàárín wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, SS2 ló wà, òun ni wọ́n sì fa ìkànnì intanẹ́ẹ̀tì ìjọ wọn ní Kétu lé lọ́wọ́. Ọdún 2009 ni, ọ̀sán ọjọ́ kẹta ààwẹ̀. Ta ni ọ̀tá náà? Damaris kúkú mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Joanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Magodo, ló ń fọ́nnu pé òdòdó ń já bọ́ láti òkè lórí ìkànnì ìjọ tiwọn. Ìlara mú Damaris. Uncle Olújìmí tó kọ́ ìkànnì náà sì ti kìlọ̀ fún un tipẹ́ pé, "Má fi plọ́gíìnì kankan kún un láìsọ fún mi." Plọ́gíìnì ni ètò kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìkànnì kó lè ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Damaris rí ọ̀fẹ́ kan tó ń da òdòdó sílẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọn. Háà! Gbogbo ojú ìwé bá funfun báláú. Kò sí òdòdó, kò sí ìwàásù, kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kó gbà wọlé láti yọ ọ́ pàápàá ti funfun.

Nígbà tí Pásítọ̀ bi í léèrè ní Sọ́ńdè, lójú gbogbo ìjọ tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí iṣẹ́ ìkànnì náà, ìtìjú ò jẹ́ kó sòótọ́.

"Ó jọ pé àwọn kan ló bà á jẹ́, sà."

Àwọn kan kẹ̀! Pásítọ̀ ò bèèrè nǹkan míì, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kéde.

Bí àdúrà ọ̀sán ṣe parí, Màmá Ọláṣùpọ̀, àgbà obìnrin tó máa ń jókòó níwájú, fà á mọ́ra. Ọmọ wọn Richard wà ní ìlú òyìnbó, orí ìkànnì yìí ló sì ti máa ń rí fọ́tò ìyá rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ màmá ń gbọ̀n fún ebi bí wọ́n ṣe gbé e lé Damaris lórí.

"Ọmọ mi, ọ̀tá tó fẹ́ dójú tì ọ́, ojú á tì í."

"Àmín, mà." Ojú ti ń tì í ná! Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó wọ inú rẹ̀ lọ.

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Uncle Olújìmí ní Ìkòsí. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Uncle ti ìrìn àjò dé.

"Kí lo ṣe sí ìkànnì náà kẹ́yìn?"

"Kò sí, sà."

"Damaris."

Ó bú sẹ́kún. "Mo fi plọ́gíìnì kún un, sà."

Uncle wọ ibi tí àwọn fáìlì ìkànnì náà wà, wọ́n yí orúkọ fódà plọ́gíìnì náà padà kí ìkànnì má baà rí i lò mọ́. Wọ́n tún ojú ìwé ṣí. Ìwàásù ti padà, Màmá Ọláṣùpọ̀ sì ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ká ní o pè mí ní Sátidé, kò sí ẹni tí ì bá gbààwẹ̀," ni Uncle wí. "Tèmi ti parí. Ìyókù dọwọ́ ẹ."

Nígbà tí ìjọ péjọ nírọ̀lẹ́ láti ṣínu, Damaris bọ́ síwájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọ̀tá kankan. Èmi ni mo bà á jẹ́, mo sì purọ́ fún yín."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Màmá Ọláṣùpọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé orí ọ̀tá náà gan-an ni mo gbọ́wọ́ lé lọ́sàn-án?"

Damaris kúnlẹ̀, kò lè wò wọ́n lójú. "Ẹ má bínú, mà."

"Mo bínú o! Ebi ń pa mí." Màmá mí kanlẹ̀. "Dìde. Lọ po ògì wá fún mi."

Ó po ògì fún màmá, ó tún bu fún gbogbo àwọn tó gbààwẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ò dá a lóhùn nígbà tó kí wọn. Àṣìṣe tí àtúnṣe rẹ̀ ò gba Uncle tó ìṣẹ́jú márùn-ún, irọ́ tó fi bò ó ti febi pa àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ Damaris, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ sọ ọ́.