Àwọn Tí Kò Kà Mọ́ Wọn

Ọ̀gá Ìṣirò ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ohun tí ìṣirò ń sọ fún un kò bá a lára mu.

Yàrá télọ̀ iléeṣẹ́ aṣọ ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ náà ti dé ìlú ni télọ̀ ti máa ń wọn gíga gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, kó lè rán yunifọ́ọ̀mù fún un. Olùkọ́ ìtàn ti ṣàlàyé pé bí ọmọ bá jẹun kánú nígbà tó ń dàgbà, ó máa hàn nínú gíga rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ télọ̀ wádìí bóyá iléeṣẹ́ mú ayé rọrùn fún ará ìlú lóòótọ́, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ náà díje láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Èsì tó jáde ni pé àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ dé kúrú ju àwọn tó kọ́kọ́ ti oko wá lọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wọn nígbà tí télọ̀ wọ̀n wọ́n ò yàtọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán an létí pé iléeṣẹ́ yìí kan náà ló máa rán ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje náà lọ sí yunifásítì.

“Ṣé wàá bú wọn tán, kí wọ́n tún wá fún ẹ lẹ́bùn?” ló bi í. “Yọ àwọn kúkúrú yẹn kúrò jàre. Sọ pé wọn ò tíì dàgbà tán.”

Ojúkòkòrò wọ̀ ọ́, ó yọ wọ́n. Òun ló sì gbégbá orókè.

Kò mọ̀ pé bàbá òun àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti ń bẹ ọ̀gá iléeṣẹ́ pé kó máa fún àwọn ọmọṣẹ́ tó ṣì ń dàgbà ní oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ọmọ yìí ni ọ̀gá gbé jáde. Ó ní àwọn ọmọ ìlú ń ga sí i, ebi wo ni wọ́n wá ń sọ?

Bàbá rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, ọkùnrin kúkúrú tí wọ́n bí lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ dé, tí orí rẹ̀ kò kọjá èjìká ọmọ.

“Wọn ò gbà fún wa,” ló wí. “Àmọ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ ẹ, inú mi dùn. Èmi náà wà lára àwọn tó o kà, àbí?”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. “Mo yọ yín, Bàbá.”

Bàbá kò bú u. Ó bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fi í kọ́ ìṣó, ó sì wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà jẹ́wọ́ fún olùkọ́, wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní tòun, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti parí. Ìyẹn ló dun ọmọ náà jù, nítorí kò sí bó ṣe lè tún un ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe yí òótọ́ padà nítorí ẹ̀bùn. Iye tí ẹ bá yọ kúrò nínú ìṣirò lè jẹ́ ẹni tó ń bọ́ yín.