Ẹni Tó Ń Sàba Lọ́sàn-án

Ẹyin náà gbóná. Àtinúkẹ́ tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn kì í dé ìhà ibẹ̀, kò sì sí ẹyẹ kankan nínú ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó ní irọ́ ni mò ń pa. Àdàbà méjì ló kọ́ ìtẹ́ sójú fèrèsé yàrá Àtinúkẹ́ ní Ọ̀bà-Ilé. Bísọ́dún ọkọ rẹ̀ ló fi wọ́n hàn án: akọ ń sàba láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, abo á gbà á lóru. "Wò ó," ni Bísọ́dún wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "bíi tiwa ni wọ́n ń ṣe." Òótọ́ sì ni. Òun ló ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó lóru. Bó bá ti dé láàárọ̀, tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó lórí, á gba Ayọ̀olúwa ọmọ wọn, kí ìyá rẹ̀ lè lọ gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́.

Ọdún burúkú ni ọdún náà. Gàárì ti di góòlù, oògùn sì kọjá àfẹnusọ. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú Bísọ́dún lọ, ọmọ kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ. Oǹdó ni wọ́n sin ín sí. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, àwòdì gbé akọ àdàbà lọ.

Àtinúkẹ́ rò pé ẹyin ti bàjẹ́ nìyẹn. Abo ń fò jáde lọ wá oúnjẹ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ tó bá fọwọ́ kan ẹyin, gbígbóná ló ń bá wọn, títí wọ́n fi pa ọmọ méjì lọ́jọ́ Ẹtì.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tàbí kó jókòó sílé, kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ wá. Ìyá Bísọ́dún ń bọ̀ láti Oǹdó ní Sátidé wá mú Ayọ̀olúwa lọ. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú! Àmọ́ bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ni yóò jẹ tí omi yóò fi wà nínú ọmú? Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, dé. Àtinúkẹ́ ń di aṣọ ọmọ sínú báàgì ní pálọ̀, ọmọ ń ké nínú yàrá. Lójijì ó dákẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

Màmá wọlé lọ. Nígbà tó pe Àtinúkẹ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Ìyàwó mi, wá."

Lẹ́búlẹ́bú pákó tútù wà nínú irun ọmọ. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú, níbi tí fóòmù ti tẹ̀ wọnú, bíi pé ẹnì kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀. Àtinúkẹ́ fẹ́ kígbe, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pariwo. Ọmọ mi ni." Omi ń dà lójú ìyá náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á rárá. Ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. "Bísọ́dún, o ò lè sinmi? O rò pé mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni? Mi ò mú un lọ mọ́. Èmi ni n óò kó wá síbí, n óò máa gbé e títí ìyá rẹ̀ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ó tó, ọkọ mi. Gbé e fún mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ayọ̀olúwa wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri, ọmọ tí kò tíì lè yíra padà. Àtinúkẹ́ ń wò, kò ṣẹ́jú. Ọmọ náà gbéra kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ẹ́jẹ́, orí rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, ó sì dé ọwọ́ ìyá bàbá rẹ̀.

Fóòmù tó tẹ̀ náà rọra ń wú padà, títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba.

Màmá gbé ọmọ pọ̀n. "Lọ tú báàgì yẹn," ló wí.